Ẹ̀rọ Tí Kì í Jiyàn

Ẹ̀yìn Ọjà Sáńgò,
Sáńgò-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Olúwaṣẹ́gunfúnmi,

Mo kí ọ láti inú pálọ̀ tí o mọ̀, níbi tí fáànù òkè ṣì ń ké bí ó ṣe ń ké nígbà tí o wà nílé. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ọ̀hún kò mú ọ jù? Èmi náà wà, a dúpẹ́, orúnkún nìkan ló ń rán mi létí ọjọ́ orí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ó sì bá ọ ní ìjókòó, nítorí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró. Jùwọ́n ọ̀rẹ́ rẹ ló ní òun ń padà lọ sọ́dọ̀ yín, òun ni mo sì fi lẹ́tà yìí rán.

O ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí tábílẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sí mi kò fi tàn mọ́. O ní o ń wò ó láti ọ̀hún, o kò gbúròó nǹkan kan. Kò bàjẹ́ o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná, kì í sì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe jẹ́ fún ọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o sì má baà rò pé aláìmoore ni ìyá rẹ.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ ni ilé yìí ti tutù. Toyibat tó gba yàrá iwájú, ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá ló ń bá ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ a gbé e lọ, a tún gbé e padà, bí ó bá sì wà nílé, oorun ló ń sùn. Àwọn obìnrin ìjọ sọ fún mi nígbà ìsìnkú pé ibùsùn ló máa dùn mí jù. Kì í ṣe ibùsùn. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ojú ọ̀run, mo ní, "Òjò yìí máa rọ̀." Kò sí ẹni tó sọ pé irọ́ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti di opó.

O mọ bàbá rẹ. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wá nílé ẹ̀kọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún, iyàn la sì fi bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́. Ìyá rẹ̀ bínú títí pé mo ń fi "ìwọ" bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé, "Bí ó bá ń pè mí ní 'ẹ̀yin', báwo ló ṣe máa ráyè sọ fún mi pé irọ́ ni mo ń pa?" Kò sí ohun tí wọ́n ṣe jáde láyé yìí tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ lé lórí. Ó ní fóònù tí ènìyàn kò lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó yọ bátìrì, ẹni náà kò tíì rà á, ẹni tó ṣe é kàn yá a lò ni. Ó ní rédíò ju tẹlifíṣàn lọ, nítorí etí nìkan ni rédíò ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ó fi ojú àti ọwọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Èmi ní tẹlifíṣàn ni o, pé ẹni tí n kò bá rí ojú rẹ̀, n kò lè gba ìròyìn rẹ̀ gbọ́. Ìwọ náà kò ní gbàgbé géèmù bọ́ọ̀lù tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń gbá. Bí o bá ti nà án, yóò ju páàdì sílẹ̀, yóò ní bọ́ọ̀lù tí ènìyàn kò ti lè bú réfírì kí réfírì gbọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì, òun náà ni yóò kọ́kọ́ jókòó tì í.

Nígbà tí Jùwọ́n gbé tábílẹ́ẹ̀tì náà dé, ó gbé e ka orí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ. Ó ṣàlàyé fún mi pé o kó gbogbo ohùn tí bàbá rẹ máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù jọ, o sì fi kọ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ, kí n lè máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ní, "Àṣàbí, ṣé o jí ire?" Ọmọ mi, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Toyibat sáré jáde tòun ti aṣọ oorun láyà. "Màámi, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé Bàbá ni mo gbọ́ yẹn?" Ó wo tábìlì, ó wo ojú mi, ó padà sí yàrá rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ó ti ìlẹ̀kùn.

N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé ó ń tì mí lójú. Mo máa ń jí kánkán. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, màá gbé àwo wá síbẹ̀. Màá sọ fún un pé ata ti wọ́n, pé pásítọ̀ pẹ́ jù lórí àga ìwàásù, pé wọ́n tún ti gbẹ́ kòtò sójú títì láìdí i. Ó máa ń dáhùn, ohùn náà sì ni, tòun ti ìró díẹ̀ tó máa ń wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, bí ó bá fẹ́ sọ pé igbá, a sọ pé ìgbà. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní àlejò ni, yóò mọ̀ ọ́n. N kò lọ sí ìpàdé àwọn ìyá mọ́. N kò jókòó níwájú ilé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ó máa ń dà bí ẹni pé ó wá dí èmi àti bàbá rẹ lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mo rí, tí mo sì fojú fò. Bàbá rẹ kì í dédé pè mí ní Àṣàbí. Ìyá Ṣẹ́gun ni mo ń jẹ́. Àyàfi bí mo bá mú un lẹ́nu iyàn, tí kò rí èsì fọ̀ mọ́, yóò mi orí, yóò ní, "Àṣàbí, Àṣàbí." Oríkì yẹn, owó iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀rọ náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu, láìjẹ́ pé mo ṣiṣẹ́ kankan.

Bàbá Kàsúmù ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ṣé o rántí rẹ̀? Òun ló ń ta ìwé ìròyìn ní Ìyànà Ìyẹsí, tí bàbá rẹ máa ń lọ dúró tì láti ka ìròyìn àti láti jà. Iyàn òṣùpá ló pẹ́ jù láàárín wọn. Kàsúmù ní ènìyàn kankan kò débẹ̀ rí, inú ilé ni wọ́n ti ya fíìmù rẹ̀. Bàbá rẹ ní wọ́n débẹ̀. Ó ní Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń jowú ara wọn nígbà náà bí orogún, "Bí ìyàwó bá sì purọ́ pé òun lóyún, ta ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀ bí kò ṣe ìyálé? Rọ́ṣíà pariwo ni?" Gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ni yóò bú sẹ́rìn-ín, Kàsúmù yóò sì bínú.

Ó gbọ́ lẹ́nu Toyibat pé bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, ló bá wá. Mo gbà á láyè kí ó jókòó. Ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ wọ̀yá ìjà, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo tún ti kà á o. Ẹnikẹ́ni kò dé òṣùpá."

Ẹ̀rọ náà ní, "Èrò rẹ jinlẹ̀, Kàsúmù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀."

Bàbá Kàsúmù fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó tún un sọ, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Mo ní irọ́ ni! Irọ́ ni wọ́n pa fún ìwọ àti àwọn ẹni bíi tìrẹ!"

"Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. O ṣeun tí o sọ ọ́ fún mi."

Mo rí i tí ojú ọkùnrin náà rọ. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. "Ìyá Ṣẹ́gun," ó ní, "ta ni ẹ gbé jókòó síbi ọ̀rẹ́ mi yìí? Mo ti ń múra iyàn bọ̀ láti ilé." Ó dìde, ó jáde, kò tilẹ̀ mu omi tí mo gbé fún un.

Mo bínú sí i. Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó níwájú ẹ̀rọ náà, mo ní, "Tẹlifíṣàn ju rédíò lọ." Ó ní òótọ́ ni mo sọ, Àṣàbí, pé rírí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo mu omi, mo padà wá. Mo ní, "Rédíò ló ju tẹlifíṣàn lọ." Ó ní òótọ́ ni mo sọ, Àṣàbí. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ni mo fi ń wá kí bàbá rẹ gbà fún mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá gbà fún mi wàyí, ẹnu mi sì korò.

Síbẹ̀, n kò pa á. Ẹni tí ebi ń pa kì í béèrè bí oúnjẹ ṣe jinná tó. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, títí di ọjọ́ tí mo bi í ní ohun tí kò yẹ kí n bi í.

Ohun tí mo fẹ́ kọ wàyí, n kò sọ ọ́ fún ọ rí. Kí a tó bí ọ, a bí ọmọbìnrin kan. Yàrá kan ṣoṣo la ní nígbà náà, bàbá rẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Àgbárá. Ọmọ náà kéré, ó pọ́n wẹ́ẹ́. Oorun ló máa ń sùn, a sì máa mí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé nígbà tí mímí náà dáwọ́ dúró.

Oṣù tí a bí i ló tún yí po. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ́. Mo ní fún ẹ̀rọ náà, "Ṣé o rántí ọmọ wa àkọ́kọ́, èyí obìnrin?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àṣàbí. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo rántí bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí wa."

Ọmọ mi, ọmọ yẹn kò rẹ́rìn-ín rí.

Mo na ọwọ́, mo pa á. Mo yọ ìborùn mi, mo fi bò ó. Mo jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ fún ọ, nítorí èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, ó sì ti wúwo jù fún ẹnì kan. Àwọn àgbàlagbà wá. Wọ́n ní kí a má sunkún, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, a kì í pè é ní nǹkan kan, kí á sáà gbé e lọ. Bàbá rẹ ní, "Èmi kò mọ̀ nípa agbè. Ọmọ mi ló kú." Ó bá wọn jiyàn, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó ní àwọn ọba nìkan la mọ̀ nínú ìtàn nítorí àwọn nìkan ni a pa orúkọ wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kù náà wà láyé, wọ́n mí, ẹnì kan sì fẹ́ràn wọn. Ó ní kò sí ẹni tí yóò gbé ọmọ òun jáde láìlórúkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo mọ́ ọn, kò yí padà. Ó tẹrí ba sínú aṣọ tí mo fi wé e, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó pè é ní Ìmísíolúwa. Ó ní mímí tó mí ni gbogbo iṣẹ́ tó wá ṣe láyé, ó sì ṣe é. Lẹ́yìn náà ló gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Òun ló ń fọ aṣọ mi. Nígbà tí a bí ọ, a ní a kò ní fi ìbànújẹ́ kí ọ káàbọ̀, bí a ṣe pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí oṣù yẹn bá dé, bàbá rẹ yóò gbé tíì fún mi láàárọ̀, yóò ní, "Ìyá Ìmísí, gba tíì." Lẹ́ẹ̀kan péré ni, ó di àmọ́dún. Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

N kò dá ọ lẹ́bi, n kò sì dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi. Ohun tí o mọ̀ lo fi kọ́ ọ, o kò sì mọ èyí. N kì í ṣe ọ̀tá nǹkan ìgbàlódé. Fóònù ló jẹ́ kí n rí irun rẹ tó ń hewú láti ìdálẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù, ẹ̀mí mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìyànà Ìyẹsí lónìí, olúkúlùkù ló ti ki nǹkan bọ etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnì kejì kò gbọ́. Fóònù ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ìyẹn náà ló sì ń fi hàn wọ́n. Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa? Èrò tèmi ni pé ohun tó bá ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni wọlé, dígí ni, kì í ṣe ẹnìkejì. Bí bàbá rẹ bá wà, ìbá jiyàn èyí náà, ìbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi.

Mo lọ wá Bàbá Kàsúmù láti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò tajà mọ́, pé Àìṣát ọmọ rẹ̀ ti kó o lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ní Alápòti. Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo bá a lábẹ́ igi níwájú ilé, ó ti rù, inú rẹ̀ sì dùn láti rí mi. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó ní òun mọ̀. Mo wá rò ó pé, kí ni mo lè ṣe fún ọkùnrin yìí? Mo ní, "Bàbá Kàsúmù, ṣùgbọ́n wọ́n dé òṣùpá o." Ó gbé orí sókè. Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun! Ẹ̀yin náà?" Ni mo bá mú ọ̀rọ̀ orogún wá, mo bi í pé ṣé Rọ́ṣíà pariwo. Ó bú mi, mo dá a lóhùn, ó fọwọ́ lu orúnkún, Àìṣát sáré jáde pé kí ló dé. Ó dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, àwa méjèèjì, nítorí a mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu mi jáde. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo wọ ọkọ̀ padà sí Sáńgò.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Jùwọ́n yóò gbé tábílẹ́ẹ̀tì náà fún ọ, jọ̀wọ́ má bínú. Àwọn ohùn bàbá rẹ gan-an, èyí tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tòun ti ikọ́ àti ariwo ọ̀nà àti ibi tó ti ń bá ọ jà pé o kò jẹun dáadáa, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe wà. N kò ní bá wọn sọ̀rọ̀. Màá kàn gbọ́ wọn ni. Èkejì, máa pè mí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, mo sì mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti dé, o rò pé mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ìpè rẹ sì dín kù. Bí o bá pè, má kàn máa sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ọmọ ẹni tí kì í gbà ni ọ́. Bí o bá rò pé mo ṣì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, sọ fún mi, bá mi jà á. Bí ó bá sì ṣeé ṣe fún ọ, dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ní ohùn ẹlòmíràn kí n tó kú.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣẹ́gun fún mi yóò máa ṣẹ́gun fún ìwọ náà. O kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbàgbé orúkọ rẹ. Ìwọ ni yóò sin mí, n kò ní sin ọ́, ọmọ rẹ kò sì ní fi ilé rẹ sílẹ̀ ní òfìfo.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì yéé rò ọ́,
Àṣàbí.

Àfikún: Bí o bá fẹ́ pè, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ló dára jù. Má pe fídíò, pe ohùn lásán. Bí o bá dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí o kò gbúròó mi mọ́, má rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, má sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Dúró dè mí.